Ẹ́ńjìnnì díísù tó ń sá eré àsápajúdé: kọ́kọ́rọ́ nìkan kò lè dá a dúró

Ẹni tó bá ti dúró rí ní Ìdó, níbi tí afárá Carter ti wọ orí ilẹ̀, á mọ̀ pé ariwo ẹ́ńjìnnì kì í tán níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí òkè Ọya ń kùn, bọ́ọ̀sì ń kùn, jẹnẹrétọ̀ àwọn oníṣòwò náà ń dá tirẹ̀. Etí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ariwo kan wà tó jẹ́ pé bí mẹkáníìkì bá gbọ́ ọ, kò ní bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun ni ti ẹ́ńjìnnì díísù tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè, á tún máa lọ sókè, títí yóò fi dà bí ẹni ń hu. Èéfín á bo gbogbo àdúgbò. Awakọ̀ á pa kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Á yọ orí bátìrì, kò ní kú. “Ọ̀gá, ó ti ń sá lọ o!” ni ọmọ iṣẹ́ máa ń ké, tí oníkálukú á sì wá ibi tí yóò sá sí.

Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àkókò tó wà lọ́wọ́ ènìyàn kì í pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹ́ńjìnnì lè gan pa tàbí kí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Irin tó so pístọ̀n mọ́ kíránkì lè já, kí ó gba ara ẹ́ńjìnnì jáde síta bí ọta ìbọn. Nínú katapílà, nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀, nínú tírélà àti nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lọ gaàrí ní abúlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Owó tó bá a lọ kò kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ iṣẹ́ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ìdó kì í ṣe àjèjì sí ẹ́ńjìnnì ńlá. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn, Ìdó sì ni ọkọ̀ náà ti ń gbéra. Omi gbígbóná àti èédú ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ nígbà náà, àwọn àgbàlagbà tó wọ̀ ọ́ kò sì gbàgbé èéfín dúdú rẹ̀ àti fèrè rẹ̀. Ọkọ̀ olóoru yẹn ní ìwà kan tó dára: bí awakọ̀ bá ti dí ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé, eré rẹ̀ tán, kò sí ohun mìíràn tí yóò jẹ. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 ni ọkọ̀ oní-díísù wá ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta sì ní láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀tun. Títí di òní, díísù ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ń lò. Òun náà ni ọkọ̀ Ojú Irin Pupa ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Ọ̀yìngbò sí Agbádó ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ń lò. Ti Ojú Irin Aláwọ̀ Aró, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, ni iná mànàmáná ń wà.

Kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ kò fi lè pa ẹ́ńjìnnì tó ti ya ẹhànnà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní plọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo. Bí iná mànàmáná bá ti kúrò lẹ́nu plọ́ọ̀gì, ó parí. Ẹ́ńjìnnì tí ará Jámánì tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ṣe ní nǹkan bí ọdún 1890 sí 1897 kò ní plọ́ọ̀gì tó ń tanná. Afẹ́fẹ́ ni pístọ̀n ń tẹ̀ mọ́ra, títí ààyè rẹ̀ yóò fi kéré tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí ìdá kan nínú ogún ti àtẹ̀yìnwá. Afẹ́fẹ́ tí a bá tẹ̀ báyẹn á gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí nọ́sù bá wá tú epo sí i, epo á gbiná fúnra rẹ̀. Kò bèèrè iná lọ́wọ́ bátìrì.

Ohun kejì tún wà. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ṣí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, òun ló sì ń tì í. Ní ti díísù, ọ̀nà afẹ́fẹ́ máa ń ṣí gbayawu nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, bí epo tó wọlé ṣe pọ̀ tó ló ń sọ bí eré yóò ṣe tó. Nítorí náà, bí ohun mìíràn tó lè jó bá bá afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín epo tí ọ̀gá fún un àti èyí tó jí jẹ.

Ẹni tó ń ṣọ́ eré ẹ́ńjìnnì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gọ́fánọ̀, bí ẹni ń pe gómìnà ìpínlẹ̀, orúkọ náà sì yẹ ẹ́ nítorí òun ló ń pàṣẹ. Ọgbọ́n rẹ̀ ti pẹ́. James Watt, ará Scotland, ti ń lò ó fún ẹ́ńjìnnì olóoru ní ọdún 1788. Irin wíwúwo méjì ni, wọ́n ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń ya síta, gẹ́gẹ́ bí agọ̀ eégún ṣe máa ń fẹ̀ nígbà tó bá ń pòòyì. Yíya tí wọ́n bá ya ni wọ́n fi ń ti irin kan nínú pọ́ǹpù sẹ́yìn, tí epo á fi dínkù. Bí eré bá rẹlẹ̀, sípíríǹgì á fà wọ́n padà, epo á tún pọ̀. Nínú ẹ̀rọ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ibi tí wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú pọ́ǹpù àti gọ́fánọ̀. Irin tó ń dín epo kù, tó sì ń fi kún un, máa ń lọ máa ń bọ̀ nínú pọ́ǹpù. Ó gbọ́dọ̀ máa yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìka kan lè tì í. Bí omi bá wà nínú epo, irin yìí á dógùn-ún, á há síbi tí epo ti pọ̀ jù, gọ́fánọ̀ á sì máa tì í lásán. Díísù tí àwọn oníjìbìtì ti pò mọ́ kẹrosíìnì náà ń ba pọ́ǹpù jẹ́, nítorí epo yẹn kò ní ọ̀rá tó láti fi rọ irin lọ́rùn. Nígbà mìíràn sì rèé, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹni tó tú pọ́ǹpù láti “fi kún agbára rẹ̀” lè gbé sípíríǹgì sódì, tàbí kó gbàgbé láti so irin kan mọ́ ìkejì. Àwọn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pọ́ǹpù rẹ̀ ṣe ni ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù jù ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ́kọ́ ta á. Èéfín dúdú ni irú èyí sábà máa ń tú, nítorí epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Èyí tó ń dẹ́rù ba ni jù ni ti ọ́ìlì. Tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì ní ọ̀pá kan tó ń yí nínú ọ́ìlì. Bí ohun tó dí ẹnu ọ̀pá yẹn bá ti jẹ, ọ́ìlì á máa jò sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa jó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ríìngì pístọ̀n bá ti jẹ: atẹ́gùn á máa gba abẹ́ pístọ̀n lọ sí ilé ọ́ìlì, á sì gbé ìkùukùu ọ́ìlì padà wá sí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bu ọ́ìlì kún ju àmì tó wà lára géèjì lọ, tó rò pé òun ń ṣe ẹ́ńjìnnì lóore, lè fa ohun kan náà. Bí ọ́ìlì bá ga lórí géèjì tí kò sí ẹni tó bu sí i, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi díísù, epo ló ń jò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fi ọ́ìlì ara rẹ̀ sáré báyìí, ènìyàn ìbáà ti ẹnu táǹkì epo pa, kò ní dúró. Èéfín rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí aró tàbí kí ó funfun, á sì máa rùn bí ọ́ìlì tó jóná.

Àwọn ẹ́ńjìnnì GM àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Detroit Diesel, tí ọ̀pọ̀ katapílà àti ọkọ̀ ojú omi lò, lókìkí fún ìwà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe é fi ìlẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kan sí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá yí padà, awakọ̀ á fa wáyà, ìlẹ̀kùn á pa dé, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ó ṣeni láàánú pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti gbó, wáyà yẹn ti já, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ ìlẹ̀kùn náà sọnù.

Èyí tó kàn kò ti inú ẹ́ńjìnnì wá rárá. Bí gáàsì tàbí oruku pẹtiróòlù bá kún ibi tí ẹ́ńjìnnì díísù ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò fà á símú, yóò sì fi sáré. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta ọdún 2005, ní ilé ìfọpo BP ní ìlú Texas City ní Amẹ́ríkà, oruku epo tú jáde, ó sì dé ibi tí ọkọ̀ díísù kan wà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré àsápajúdé, àwọn tó ṣe ìwádìí sì sọ pé ó ṣeé ṣe jù lọ pé òun ló ṣáná sí oruku yẹn. Ènìyàn 15 ló kú, ó lé ní 170 tó fara pa. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2010, gáàsì tú láti inú kànga epo sórí Deepwater Horizon, ọkọ̀ tó ń gbẹ́ kànga epo lórí òkun Mexico. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń hu, wọ́n rí i tí iná gílóòbù ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà ni ìbúgbàmù dé. Ènìyàn 11 ló bá a lọ. Òfin Amẹ́ríkà lórí kíkọ́ kànga epo sínú òkun ní kí ẹ́ńjìnnì díísù ní ohun tí yóò lè dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ọ̀pá epo gba abẹ́ ilẹ̀ Èkó kọjá ní oríṣiríṣi ibi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń la ọ̀nà ní Ìjẹ́gùn gbá ọ̀pá epo lábẹ́ ilẹ̀, iná sọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà lára àwọn tí wàhálà náà kàn. Awakọ̀ katapílà tó bá gbóòórùn pẹtiróòlù níbi iṣẹ́, tó sì gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí padà láìfi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, kò gbọ́dọ̀ dúró wo ohun tó fà á.

Eré àsápajúdé kan tún wà tí kò ní èéfín, tí kò sì ní ìjàmbá epo nínú. Ti òkè ni. Tírélà tó kó ẹrù, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní ìhà Èkìtì tàbí Ìdànrè, lè fi ìwúwo ara rẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì sáré ju agbára rẹ̀ lọ, pàápàá bí awakọ̀ bá fi í sí jíà kékeré nígbà tí eré ti pọ̀ jù. Ní àkókò yẹn, gọ́fánọ̀ ti dín epo kù dé òpin, kò sí ohun tó kù tí ó lè ṣe. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà. Fáàfù lè kan pístọ̀n níbẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan rí èéfín kankan. Bírékì ló lè gba awakọ̀ sílẹ̀, kí ó sì ti yan jíà tó yẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Bákan náà ni katapílà àti ẹ̀rọ tó ń kó iyanrìn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Nínú àwọn ẹ̀rọ Caterpillar ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa ń kọ E190 sílẹ̀ bí eré bá kọjá ààlà, á sì máa tọ́jú ọjọ́ àti wákàtí tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á nínú irú ẹ̀rọ yìí ni òkè tí awakọ̀ sáré sọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Nígbà mìíràn, ohun tó ń ka eré, ìyẹn sẹ́ńsọ̀, tàbí wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́, tó ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Mẹkáníìkì tó bá tú pọ́ǹpù kí ó tó bi awakọ̀ ní ibi tó ti ń bọ̀ yóò kàn fi owó oníǹkan ṣòfò ni.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, pàápàá ní ọ̀kánkán fulaiwíìlì. Kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fa ohun tí wọ́n fi ń pa á lójoojúmọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́. Bí kò bá gbọ́, kí wọ́n ti ẹnu táǹkì epo, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé epo tó kù nínú páìpù lè gbé e sáré fún ìgbà díẹ̀, àti pé bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì ló ń jẹ, títì yẹn kò ní í ṣe nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ni ohun tí kò lè ṣe aláìní. Pákó tó nípọn tàbí irin pẹlẹbẹ tó bo ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ dáadáa á pa á láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fà lágbára tó láti ṣe ọwọ́ léṣe. Àkísà náà kò dára, yóò fà á mì ni. Bí páìpù tó wà láàárín asẹ́ afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì bá ti ya, dídí ẹnu asẹ́ kò ní ràn án, nítorí yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba ojú ibi tó ya. Ohun èlò ìpaná tó ní gáàsì CO2 nínú náà dára, kí wọ́n tú u sí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Omi kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní kíláàṣì, awakọ̀ lè fi sí jíà tó ga jù, kí ó tẹ bírékì mọ́lẹ̀ pinpin, kí ó sì tú kíláàṣì sílẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ á fún ẹ́ńjìnnì pa. Ti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ń yí ní 1500 ní ìṣẹ́jú kan láti fún ni ní iná tó yẹ ilé wa. Bí eré bá ga, agbára iná náà á ga, á sì sun fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, ẹni tó bá sáré já gbogbo iná kúrò lára rẹ̀ ti mú ẹrù kúrò lórí ẹṣin tó ń sáré. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá bí wọn yóò ṣe pa á ná. Bí kò bá sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ láìfi ara wewu, kí wọ́n jìnnà sí i, kí ó fọ́. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà.

Lẹ́yìn tí ó bá kú, kí ẹnikẹ́ni má sáré ta á padà láti wò ó bóyá ó ti sàn. Èéfín tí wọ́n rí ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ aró tàbí funfun, kí wọ́n yọ páìpù tọ́bò, kí wọ́n wò ó bóyá ọ́ìlì kún inú rẹ̀, kí wọ́n sì wo géèjì. Bí ó bá dúdú, kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, kí wọ́n fi ìka wo irin rẹ̀ bóyá ó ń yọ̀. Ọ́ìlì tó ti kún inú páìpù gbọ́dọ̀ jáde tán kí wọ́n tó tún ta ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún fi èyí tó kù sáré, bí wọ́n tilẹ̀ ti pààrọ̀ tọ́bò.

Àwọn tó ń gbé ní abúlé lè rò pé ọ̀rọ̀ katapílà kò kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ́ńjìnnì Lister tó wà nínú ilé ìlọta, èyí tí wọ́n fi ń lọ ata, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ń yí ní 650 péré ní ìṣẹ́jú kan, fulaiwíìlì rẹ̀ sì jẹ́ irin dídà tó wúwo. Bí eré irú irin bẹ́ẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fẹ́ fà á ya á di ìlọ́po mẹ́rin. Sípíríǹgì gọ́fánọ̀ tó ti já, tí wọ́n fi rọ́bà táyà tàbí okùn wáyà so, ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìlọta, nígbà tí obìnrin àti ọmọ tó gbé ẹ̀gẹ́ wá sì tò sí ọ̀kánkán fulaiwíìlì. Sípíríǹgì tó yẹ ẹ́ kò wọ́n púpọ̀. Ibi tí ènìyàn yẹ kí ó tò sí náà ni ọwọ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀kánkán ibi tí irin ń yí sí.

Lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ńlá, wọ́n ti mọ gbogbo èyí tipẹ́. Bí ẹrù bá ṣàdédé kúrò lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, eré lè fò sókè, nítorí náà wọ́n fi irin kékeré kan sí i, yàtọ̀ sí gọ́fánọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì GM ti ọkọ̀ ojú irin, tó yẹ kí ó máa yí ní 900, bí ó bá fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kọjá ìyẹn, irin náà á fò yọ, á sì dí gbogbo nọ́sù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi ẹ́ńjìnnì, kí ó fi ọwọ́ fa ọ̀pá rẹ̀ padà kí ó tó lè tún ta á, kí ó sì ti mọ ohun tó mú un fò.